Iná Àjàalẹ̀: Àlàyé lórí Agbára, Ilẹ̀ àti Ìwé Àdéhùn ní Calgary

Ohun tí àlàyé yìí dá lé ni ẹ̀rọ kan tó wà ní àjàalẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Calgary, ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà, èyí tí tèwe tàgbà ń pè ní furnace. Àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń tún un ṣe nìkan ló sábà máa ń kọ nǹkan nípa rẹ̀. Èrò tèmi ni pé bí a bá fẹ́ mọ bí ayé òde òní ṣe di ohun tó dà, ìdí ẹ̀rọ yìí ló yẹ ká jókòó sí. Ọmọ Yorùbá tó ń sùn lókè rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń jó lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ti wà á jáde, àti ohun tí wọ́n san fún onítọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ náà fínnífínní. Lóru oṣù kìíní, tí òtútù ìta bá ti lọ sí ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo, ẹ̀rọ kékeré ara ògiri á mọ̀ pé ilé ti ń tutù, á sì ránṣẹ́ sí àjàalẹ̀. Ẹ ó gbọ́ “tá!”. Fáànù kékeré kan á kọ́kọ́ fẹ́ èéfín tó bá ṣẹ́kù jáde. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan á wá pọ́n yòò, gáàsì á dé ibẹ̀, iná á sì gbà lẹ́ẹ̀kan náà, á tò lọ ní ìlà kan, aláwọ̀ búlúù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò ní pẹ́ tí fáànù ńlá á fi gbéra, ooru á sì gba àwọn ihò ilẹ̀ yàrá jáde, níbi tí àwọn ọmọ máa ń gbé ẹsẹ̀ lé kí wọ́n tó wọ bàtà ilé ìwé. Lára ògiri ìta, páìpù funfun kan ń tú èéfín jáde, omi inú èéfín náà á sì di yìnyín sí etí páìpù. Mítà gáàsì wà nítòsí, ó ń yí, ó ń ka owó.

Ẹ̀rọ tó bá ilé tí kò tóbi púpọ̀ mu lè mú ooru 60,000 BTU jáde láàárín wákàtí kan. Ìyẹn sún mọ́ 17,500 wáàtì. Ọkùnrin tó le, tó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò lè mú ju nǹkan bí 75 wáàtì jáde kó sì tún jí ṣe é lọ́la. Ẹ pín ti àkọ́kọ́ sí ti ìkejì, ẹ ó rí i pé ó lé ní 230 ọkùnrin. Ní Ìbàdàn láyé Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, orí ènìyàn ni wọ́n fi ń ka ọlá: iye ẹrú tó wà lóko, iye ìwọ̀fà tó ń ti àárọ̀ ṣiṣẹ́ nítorí gbèsè bàbá wọn, iye ọmọ ogun tó lè bá olóyè jáde. Ẹni tó bá lè pe igba ọkùnrin sí iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, olóyè ńlá ni. Lónìí, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Calgary, tó ṣì ń san owó ilé fún báńkì, ní agbára tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ ilé rẹ̀, agbára tí kì í jẹun, tí kì í sùn, tí a kò sì já gbà mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Oore ńlá nìyí. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà ṣe ìwádìí yìí kò ṣòro. Agbára tuntun yòówù tó bá wọ ìlú, mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló gbé e wá? Kí ló ń jẹ? Nígbà tí wọ́n sì ń san ẹ̀tọ́ onílẹ̀, ṣé iye owó kan ni wọ́n kọ sínú ìwé ni, àbí ìdá kan nínú ohun tí ilẹ̀ bá mú wá? Ìbéèrè kẹta yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́.

Kí èédú àti epo tó dé, ẹṣin ló kọ́kọ́ dé, sáà kan náà ló sì yí ìtàn ilẹ̀ méjì padà. Láàárín 1726 sí 1730, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ Dahomey títí Ọba Agaja fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀yọ́ kì í bí ọ̀pọ̀ nínú ẹṣin wọ̀nyẹn nílé. Láti òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń rà wọ́n, nítorí eṣinṣin tí ń fa àìsàn kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nísàlẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ọ̀dàn bá dé ni apá Aláàfin ń dé wẹ́rẹ́. Nínú igbó Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ẹṣin kò rọ́nà gbà. Ní nǹkan bí 1730 kan náà, ẹṣin tí àwọn ará Sípéènì kó wọ Amẹ́ríkà ti ti ọwọ́ dé ọwọ́ gòkè dé ọ̀dọ̀ àwọn Blackfoot, àwọn tó ni pápá tí Calgary wà lórí rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ajá ló ń fa ẹrù wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lé agbo ẹfọ̀n títí agbo á fi já bọ́ láti orí àpáta, ní ibi tí à ń pè ní Head-Smashed-In lónìí, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ fún ohun tó ju 5,000 ọdún lọ. Ẹṣin sọ wọ́n di ọ̀gá pápá láàárín ìran mélòó kan. Koríko ni agbára yìí ń jẹ, kò sì sẹ́ni tó ń ta koríko, nítorí náà kò sí ìwé àdéhùn kankan lórí rẹ̀.

Ìwé bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ dé. Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ká wọ inú ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ńlá tí èédú àti omi gbígbóná ń wà wà ní igun kan. Agbára rẹ̀ ní láti dé ara àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó kún ilé náà, bẹ́líìtì awọ gígùn ló sì ń gbé e dé ibẹ̀. Awọ ẹfọ̀n nípọn, ó sì ń nà láìjá. Nígbà tí àwọn oníṣòwò mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe é yanjú ní nǹkan bí 1871, awọ náà di ọjà tí wọ́n ń jà dù, ọdẹ sì ya bo pápá. Níbi tí irin bá sì ti ń fara kan irin, àfi kí wọ́n fi òróró sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo pupa ni òróró náà, nínú ilé iṣẹ́ àti lára kẹ̀kẹ́ rélùwéè. Etíkun tiwa ni wọ́n ti ń kó o: Èkó, Badagry, Bonny, Calabar. Ilẹ̀ tó ń so ẹyìn àti ilẹ̀ tó ń bọ́ ẹfọ̀n kò gbúròó ara wọn rí, bẹ́ẹ̀ irú ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sìn. Àwọn òpìtàn tó ń kọ ìtàn èédú nìkan, tí wọn ò mẹ́nu kan epo wa àti awọ wọn, ìdajì ìtàn ni wọ́n ń kọ.

Èkó ni ìwé ti kọ́kọ́ wọlé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lu ìlú náà ní 1851, wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Òwò epo pupa náà wà níbẹ̀, ó ń gbèrú. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí ọ̀sà nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ síwèé tó fi Èkó fún Ọbabìnrin Victoria. Ohun tí Dòsùnmú ní tẹ́lẹ̀ ni owó ibodè, èyí tó ń gbà lórí ẹrù tó bá gba èbúté kọjá. Ìdá ni ìyẹn. Bí epo bá pọ̀, owó ọba á pọ̀. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni iye kan pàtó: 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dún. Láti ọjọ́ náà lọ, bí èbúté Èkó ṣe ń gbòòrò sí i kò kan ààfin mọ́.

Ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú. Ní 1859, Edwin Drake gbẹ́ kànga epo ní Titusville, ní Pennsylvania. Epo inú ilẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ mọ́ epo pupa lọ́wọ́ lára ẹ̀rọ, owó epo pupa sì ń wálẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá wa tó ń gún ẹyìn ní Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ jẹ ìyà epo rọ̀bì, ìran mẹ́ta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa epo rọ̀bì tà ní Nàìjíríà.

Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ti Èkó, ìwé Victoria dé ìdí odò Bow. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin ti kọ́ odi sí ibi tí odò Bow àti odò Elbow ti pàdé ní 1875, ibi tí àwọn Blackfoot ń pè ní Moh'kinstsis. Odi yẹn ló di Calgary. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 1877, ní Blackfoot Crossing, David Laird àti James Macleod jókòó fún ọbabìnrin. Ní apá kejì, Crowfoot ti Siksika, Red Crow ti Kainai, àti àwọn olórí Piikani, Tsuut'ina àti Stoney Nakoda wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí ìwé náà, tí wọ́n ń pè ní Treaty 7, sọ̀rọ̀ lé lórí tó nǹkan bí 130,000 kìlómítà níbùú lóròó, gbogbo gúúsù Alberta. Owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni dọ́là 12 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn náà dọ́là 5 lọ́dọọdún, dọ́là 25 fún olórí àgbà.

Dọ́là 5 yẹn ṣì ni wọ́n ń san títí di òní. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń wá, wọ́n á gbé tábìlì kalẹ̀, àwọn ènìyàn á tò, wọ́n á gba dọ́là 5 kọ̀ọ̀kan. Kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Ohun tí wọ́n ti wà jáde nínú ilẹ̀ náà láti 1877, ó ti kọ́ ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn àgbà Treaty 7 kò yé sọ pé àdéhùn àlàáfíà ni bàbá wọn ṣe, pé àwọn gbà láti jùmọ̀ gbé lórí ilẹ̀, àwọn kò tà á, ká má tilẹ̀ wá sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìjìnlẹ̀ tí ojú kò lè rí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tó ń fi koríko bọ́ ẹṣin, kí ni yóò mú un rò pé ẹnì kan ń bá òun dúnàádúrà lórí afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ àpáta? Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1879, ẹfọ̀n ti tán lórí pápá Kánádà. Ìyàn mú. Ẹni tí ebi ń pa kì í lè padà lọ tún àdéhùn ṣe.

Rélùwéè Canadian Pacific dé Calgary ní oṣù kẹjọ 1883. Èédú ni agbára rẹ̀, ilẹ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀: àdéhùn tí ìjọba Kánádà bá ilé iṣẹ́ náà ṣe ní 1881 fún un ní mílíọ̀nù 25 dọ́là àti mílíọ̀nù 25 éékà ilẹ̀. Ọ̀nà irin náà gba ilẹ̀ Siksika kọjá, inú wọn kò sì dùn. Àlùfáà Albert Lacombe bá wọn pẹ̀tù sí i, ọ̀gá rélùwéè sì fún Crowfoot ní ìwé ìrìnnà ọ̀fẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, èyí tí baba náà fi ṣéènì so kọ́ ọrùn. Ẹ fi ohun tí àwọn méjèèjì gbà wéra. Ilé iṣẹ́ gba ilẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Baba gba tíkẹ́ẹ̀tì tó kú pẹ̀lú rẹ̀ ní 1890. Nígbà tó yá, rélùwéè di ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ àwọn éékà rẹ̀ mú kódà lẹ́yìn tó ta òkè ilẹ̀ fún àgbẹ̀. Ilé iṣẹ́ epo tó bí láti inú ẹ̀tọ́ yẹn, PanCanadian, dara pọ̀ mọ́ òmíràn ní 2002, wọ́n di Encana. Nítorí Encana ni wọ́n ṣe kọ́ ilé gogoro The Bow tó parí ní 2012, alájà 58, àárín gbùngbùn Calgary. Láti orí éékà koríko dé orí àjà kejìdínlọ́gọ́ta, ìwé kan ṣoṣo ló so ó pọ̀.

Èédú fúnra rẹ̀ gbẹ̀mí. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 1914, ibi ìwakùsà Hillcrest ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Alberta bú gbàù, ó pa ọkùnrin 189. Tiwa ni ti Iva Valley ní Enugu, ní 1949, níbi tí ọlọ́pàá ti yìnbọn pa awakùsà 21.

Gáàsì tó ń jó nínú furnace wá ńkọ́? Omi ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń wá ní 1883, ní ìwọ̀ oòrùn Medicine Hat, kí ẹ̀rọ wọn lè rí nǹkan mu. Gáàsì ló jáde, ó gbiná, ó sì jó ilé ìgbẹ́lẹ̀ wọn. Ní 1912, Eugene Coste fa páìpù gáàsì láti Bow Island wọ Calgary, nǹkan bí 270 kìlómítà. Láti ìgbà náà ni iná búlúù ti wọ ilé àwọn ará ìlú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún 1914, epo jáde ní kànga Dingman ní Turner Valley, àwọn ará Calgary sì dá ilé iṣẹ́ epo tó lé ní 500 sílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbẹ́ ihò kankan. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, epo nìkan ni wọ́n fẹ́ ní Turner Valley, wọ́n sì ń dáná sun gáàsì tó bá a jáde. Lóru, ojú sánmà pọ́n débi pé wọ́n ń rí i láti Calgary. Ó di 1938 kí Alberta tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti dá ìfiṣòfò náà dúró. Ẹni tó bá ti rìn ní Niger Delta lóru mọ irú sánmà tí mò ń sọ.

Ibi tí Alberta ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù nìyí, torí ohun tí wọn kò fún àwọn onílẹ̀, àwọn fúnra wọn jà fún un títí ó fi tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ní 1930, ìjọba àpapọ̀ Kánádà ní Ottawa gbé àṣẹ lórí ilẹ̀ àti ohun àlùmọ́ọ́nì lé Alberta lọ́wọ́. Epo ńlá jáde ní Leduc ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 1947, lẹ́yìn tí Imperial Oil ti gbẹ́ kànga 133 tí kò mú nǹkan jáde. Nígbà tí Peter Lougheed di olórí ìjọba Alberta ní 1971, ó kọ̀ láti fi owó ẹ̀tọ́ epo sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ní kí ìdá ìlú máa gòkè bí owó epo bá ń gòkè. Ní 1976, ó dá àpò ìpamọ́ kan sílẹ̀, Heritage Fund, ó sì ń kó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo àti gáàsì sínú rẹ̀ nígbà náà fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Kánádà lábẹ́ Pierre Trudeau gbé ètò epo ti 1980 jáde láti gba ìdá tó pọ̀ sí i, gbogbo Alberta faraya, ìbínú náà kò tíì tán títí dòní. Wọ́n mọ̀ dáadáa pé iye owó kì í dàgbà, ìdá ló ń dàgbà.

Nàìjíríà náà mọ̀ ọ́n nígbà kan. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1963 fún agbègbè tí epo ti jáde ní ìdajì owó ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn ìjọba ológun gé e wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, òfin 1999 sì dá a padà sí ó kéré tán ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn Siksika kò jókòó lásán. Ní 1910, ìjọba Kánádà gba nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ tí àdéhùn fi sílẹ̀ fún wọn lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú díẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà láti ìran dé ìran. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà 2022, olórí ìjọba Kánádà, Justin Trudeau, wá sí Blackfoot Crossing, ibi tí wọ́n ti tẹ̀wé 1877 gan-an, ó sì fọwọ́ síwèé bílíọ̀nù 1.3 dọ́là fún wọn. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n owó ìtánràn ni, kì í ṣe ìdá, ó sì gbà ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Agbára mìíràn ti ń wọlé báyìí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń bọ̀ láti orí òkè Rockies, tó máa ń yọ́ yìnyín Calgary láàárín wákàtí díẹ̀ nígbà òtútù, ti ń yí ẹ̀rọ iná ní Pincher Creek láti 1993. Oòrùn Vulcan County ń mú 465 mẹ́gáwáàtì wá ní Travers. Ní 2024, Alberta pa èédú tì pátápátá nínú iṣẹ́ iná mànàmáná. Ìbéèrè mi mẹ́ta kò yí padà fún afẹ́fẹ́ àti oòrùn.

Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti gbogbo ẹkùn Agbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí. Ohun tí àwọn ará Alberta ń wà ní Fort McMurray láti 1967 wà lábẹ́ ilẹ̀ yín. Ọ̀dà dúdú ń sun jáde fúnra rẹ̀ ní Agbábù nígbà tí oòrùn bá mú, ẹ sì mọ̀ ọ́n kí oníṣòwò epo kan, John Simon Bergheim, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò ní agbègbè Aràròmí ní nǹkan bí 1908. Ó kú ní 1912, iṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró. Ilé iṣẹ́ mìíràn ń bọ̀, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ kò lọ síbì kan. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 sọ pé kí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe ìwé àdéhùn. Wọ́n á gbé ilé ìwé kan, kànga omi kan àti iye owó kan wá síwájú yín, wọ́n á sì fẹ́ kí ẹ yára fọwọ́ sí i. Ẹ gba agbẹjọ́rò tiyín. Ẹ kọ ìdá síbẹ̀, ẹ má kọ iye.